Ó Ju Ọdún Mẹ́fà Lọ Tí Mo Fi Ń Sá fún Dókítà Wa

Akọ̀wé wa ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípàdé oṣù tó kọjá sínú ìwé wa yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti dìde lọ sídìí ọjà kí n tó parí rẹ̀. Mo ní mi ò mọ ìwé kọ tó bẹ́ẹ̀, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó dáa.

Ẹni tó bá ń ná ọjà Ìpàta dáadáa yóò ti mọ̀ mí nídìí èlùbọ́. Mo máa ń fọ́nnu pé mi ò mọ ojú àìsàn. Irọ́ ni. Láti 2015 ni dókítà wa ti sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àgbà ọkùnrin ni dókítà yìí, láti 1986 ló ti ń tọ́jú ilé wa. Òun ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà ló sì dúró ti bàbá wọn títí Ọlọ́run fi gbà á. Ó fún mi lóògùn, ó ní ojoojúmọ́ ni kí n máa lò ó, kí n sì máa wá kí òun máa yẹ̀ mí wò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 2018. Nígbà tó yá, mo rí i pé ara mi le, orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi, mo wá ní kí ni mo tún ń náwó oògùn sí? Bí mo ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn.

Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́. Ìtìjú wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè rí á mọ ohun tí mò ń wí. Bí èèyàn kò bá rí ti oṣù kan san, ó ṣì lè wá ṣàlàyé. Tó bá di oṣù mẹ́ta, kò ní fẹ́ fojú kan akápò mọ́, ọ̀nà ẹ̀yìn ni yóò máa gbà. Bí mo ṣe ń ṣe sí dókítà gan-an nìyẹn. Bí mo bá rí ọkọ̀ rẹ̀ lápá Ọjà Ọba, mo ti yà sí ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Bí ara bá ń ro mí, mo rán ọmọ sí kẹ́mísì, bí ìyẹn ò bá ràn án, mo mu àgbo.

Ohun tó wá lé mi jáde ni ti alápatà kan nínú wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ kan, ó ń pọ́n ọ̀bẹ lọ́wọ́, ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ mú un, ọwọ́ kò dìde. Ẹ̀gbà ni. Ó wà láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń kun ẹran láti kékeré kò lè di ife omi mú báyìí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ọkùnrin yìí le jù mí lọ o! Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo ti múra èébú sílẹ̀. Mo tilẹ̀ ti wá irọ́ kan tí mo máa pa, pé mo rìnrìn àjò. Dókítà gbójú sókè, ó ní, "Alhájà, ẹ káàbọ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó tán. Kò bú mi, kò bi mí níbi tí mo ti wà. Káàdì mi àtijọ́ ti wà lórí tábìlì, etí rẹ̀ ti ṣá. Irọ́ tí mo gbé wá kò wúlò mọ́.

Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wé ẹ̀rọ mọ́ mi lápá, ó tún wé e lẹ́ẹ̀kejì. 192 lórí 116. Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà tó kẹ́yìn lórí káàdì, ti 2018 nígbà tí mo ń lo oògùn: 136 lórí 84. Bó bá ti ń dé 140 lórí 90 lemọ́lemọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń pè é. Ó ri bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ mi, àwọ̀ bébà náà yí padà, ojú dókítà náà sì yí padà.

Ó ní, "Alhájà, ẹ̀yin lẹ ń ta èlùbọ́. Bí asẹ́ tẹ́ ẹ fi ń kù ú ni kíndìnrín rí. Bí ẹ bá ń fi agbára lù ú lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ á ya, ohun tó yẹ kó dúró lókè á máa jò sísàlẹ̀. Èyí tó ti ya, mi ò lè rán an. Èyí tó kù la fẹ́ dáàbò bò." Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2015. Kíndìnrín mi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti ìgbà yẹn mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ti òní nìkan ni ìbá rí. Èyí tó mọ̀ mí rí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi pàdánù láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Mo sunkún níbẹ̀, ẹ má bi mí.

Ìlọ̀rin kọ́ ló yẹ kí àìsàn yìí ti ṣàjèjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, tó wá ṣe olórí àkọ́kọ́ fún yunifásítì wa níbí ní 1975, tó sì kú ní 2020, àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ògbóǹtarìgì iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ṣe alága fún gbé ìwé jáde ní 1997 pé nínú 100 èèyàn tó ti pé ọdún 15 sókè, bíi 11 ló ní in. Nígbà náà, ó dìgbà tó bá dé 160 lórí 95 kí wọ́n tó kà á. Tí wọ́n bá fi ìwọ̀n òní kà á, ẹ ronú iye tí yóò jẹ́ láàárín àwa tá a jọ ń jókòó nípàdé.

Ọ̀rọ̀ owó oògùn náà kì í ṣe kékeré, mo mọ̀. Láti 2007 ni wọ́n ti gbé ètò inṣọ́ránsì ìlera wá sí ìpínlẹ̀ wa pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Họ́láńdì. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà, wọ́n wo àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó wà níbi tí ètò náà wà, wọ́n fi wọ́n wé àwọn ti ibi tí kò sí. Èsì tó jáde ní 2014 ni pé nọ́ńbà òkè fi bíi 10 wálẹ̀ níbi tí inṣọ́ránsì wà, bíi 5 péré níbi kejì. Òfin tuntun ti 2022 tilẹ̀ ti sọ inṣọ́ránsì ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Mo ti bá alága wa sọ ọ́ kí ẹgbẹ́ lọ bá àjọ inṣọ́ránsì ìlera ti ìpínlẹ̀ wa. A ń yáwó ìsìnkú, a ń yáwó ìgbéyàwó, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan tọrọ ẹ̀yáwó torí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú àjẹṣẹ́kù mi ni mo ti yọ owó àyẹ̀wò tèmi.

Oògùn méjì ni mò ń lò báyìí. Ẹnì kan ní kí n júwe rẹ̀ kí òun náà lọ rà á. Mo ní rárá o, torí kíndìnrín tèmi ni wọ́n wò kí wọ́n tó yàn án. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ lójúmọ́, magí sì wà nínú ìṣirò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tùwó òun gbẹ̀gìrì kò dùn lẹ́nu mi rárá. Ó ti ń dùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti wá sí 158 lórí 96, dókítà ní a ò tíì débẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo tún ń lọ. Ìyá alálùbọ́sà tó wà lọ́ọ̀kán mi ní òun máa bá mi lọ. Ó ní káàdì òun wà níbẹ̀ láti ìgbà tí òun ti bí àbígbẹ̀yìn òun. Ọmọ náà ti ń wa mọ́tò báyìí.