Ìperí fún Ilé Àfọkọ̀fà: Bí Ìdílé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́ Ṣe Lè Yan Èkíní

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ohun tí ìgbín ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe nígbà ìsinmi: wọn a so ilé kékeré mọ́ ìdí ọkọ̀, wọn a kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, wọn a sì forí lé etí odò tàbí igbó ọba. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Bí ìgbín ti ń dàgbà ni ìkarahun rẹ̀ ń dàgbà, nítorí náà ilé rẹ̀ kì í wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Ènìyàn tí ó bá ra ilé tí ó ju agbára ọkọ̀ rẹ̀ lọ kò ní irú oore bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe. Èkíní ni láti ṣàlàyé ohun tí ìdílé tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ níláti mọ̀ kí ó tó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Èkejì ni láti dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè fi ṣe àlàyé náà ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí pé nínú ọ̀ràn yìí, ẹni tí kò lóye ọ̀rọ̀ kò lè ṣe ìṣirò, ẹni tí kò sì ṣe ìṣirò ń fi ẹ̀mí ọmọ wewu lójú títì.

2.0 Orúkọ ohun náà

Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó kọ́kọ́ wá sí ènìyàn lọ́kàn ni tírélà. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ. Lẹ́tí ẹni tí ó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tírélà ni ọkọ̀ ńlá tí ó ń kó àpótí ẹrù láti èbúté. Kò sí ẹni tí yóò rò pé àwọn ọmọdé ń sùn nínú rẹ̀. Bí a bá yá ọ̀rọ̀ kan tí ìlò rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ fún ohun mìíràn, ìtumọ̀ àtijọ́ ni yóò máa borí.

Àwọn kan lè dábàá ilé alágbèéká, ní àfijọ fóònù alágbèéká. Ó sún mọ́ ohun tí à ń wá, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù. Ilé tí ó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí awakọ̀ ń jókòó sínú rẹ̀ wà á, náà jẹ́ alágbèéká. Ohun tí ó ya èyí tí à ń sọ sọ́tọ̀ ni pé kò lè dá rìn. Ọkọ̀ mìíràn ni ó ń fà á. Nítorí náà ni ilé àfọkọ̀fà fi dára jù. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi kún àpólà ìṣe fi ọkọ̀ fà. Fáwẹ̀lì ìparí fi jẹ́ pípajẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú àfọwọ́kọ, tí a ṣẹ̀dá láti ara fi ọwọ́ kọ. Ọkọ̀ tí ó ń fa ilé náà yóò máa jẹ́ ọkọ̀ afalé. Èyí tí ilé àti ọkọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà yóò sì máa jẹ́ ọkọ̀-ilé.

Ohun náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1936 ni ilé-iṣẹ́ Airstream, tí Wally Byam dá sílẹ̀, gbé ilé àfọkọ̀fà onípáànù alumíníọ̀mù tí wọ́n pè ní Clipper jáde. Lónìí, agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni a mọ̀ jù fún iṣẹ́ náà.

3.0 Àwọn ọ̀rọ̀ nípa ìwúwo

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí fún ògbufọ̀. Nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó yẹ kí a pààlà sáàárín ìwọ̀n, tí í ṣe iye ohunkóhun tí a bá wọ̀n, ìbáà jẹ́ gígùn tàbí ooru, àti ìwúwo, tí í ṣe ti ẹrù nìkan. Ìwúwo ni a ó lò níhìn-ín.

3.1 Ìwúwo òfìfo. Èyí ni ìwúwo ilé náà bí ó ti jáde láti ilé-iṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ní tààrà sí ìwúwo gbígbẹ, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tààrà yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ohun tí omi ti kúrò lára rẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní gbígbẹ, bí ẹja gbígbẹ. Òǹkàwé yóò rò pé omi nìkan ni kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ, aṣọ, abọ́ àti ìbora kò sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn, bátìrì pàápàá kò sí. Òfìfo ni ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu.

3.2 Ìwúwo òpin. Èyí ni iye tí ilé náà àti gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Òfin Amẹ́ríkà ní kí a kọ ọ́ sára ìwé-pélébé tí a lẹ̀ mọ́ ara ilé náà lóde, lápá òsì, níhà iwájú.

3.3 Àyè ẹrù. Bí a bá yọ ìwúwo òfìfo kúrò nínú ìwúwo òpin, ohun tí ó kù ni àyè ẹrù. Omi máa ń jẹ nínú rẹ̀ gan-an: gálọ́ọ̀nù omi 1 ti Amẹ́ríkà wúwo tó pọ́n-ùn 8.3, nítorí náà gálọ́ọ̀nù 40 tó nǹkan bíi pọ́n-ùn 330. (Pọ́n-ùn ìwúwo ni èyí, 1 nínú rẹ̀ kò tó ìlàjì kílò.)

3.4 Ìwúwo àtẹ̀sídìí. Ilé àfọkọ̀fà kì í gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé táyà tirẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ ń gba ara ọ̀pá-ìfà tẹ ìdí ọkọ̀ afalé mọ́lẹ̀. Ahọ́n ni Gẹ̀ẹ́sì pe ọ̀pá yìí. Bí ògbufọ̀ bá kọ ìwúwo ahọ́n, kò sí Yorùbá tí yóò mọ ohun tí ó ń wí. Àtẹ̀sídìí sọ iṣẹ́ tí ìwúwo náà ń ṣe: ó ń tẹ̀ sí ìdí ọkọ̀. Fún ilé àfọkọ̀fà, ó yẹ kí ó wà láàárín ìdá 10 sí ìdá 15 nínú 100 ìwúwo ilé náà pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀.

3.5 Agbára ìfà àti agbára ìgbẹ́rù. Méjì yìí ni àwọn olùrà máa ń dà pọ̀ jù. Agbára ìfà ni iye tí ọkọ̀ lè fà tẹ̀ lé ara rẹ̀. Agbára ìgbẹ́rù ni iye tí ó lè gbé sí ara rẹ̀: èrò, ẹrù, àti ìwúwo àtẹ̀sídìí. Èdè Yorùbá ti pààlà sáàárín fà àti gbé tipẹ́tipẹ́; ẹni tí ó lè fa igi gẹdú nílẹ̀ lè má lè gbé e lérí. A kò dábàá ìrù láti ara rù, nítorí pé yóò bá ìrù ẹranko dọ́gba ní ohùn àti ní sípẹ́lì. Agbára ìgbẹ́rù wà lára ìwé-pélébé tí a lẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà awakọ̀, níbi tí a ti kọ iye tí èrò àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá.

4.0 Àpẹẹrẹ ìṣirò

Kí a mú ìdílé kan tí ó ní ọmọ mẹ́ta. Agbára ìfà ọkọ̀ wọn jẹ́ pọ́n-ùn 7,500. Agbára ìgbẹ́rù rẹ̀ jẹ́ 1,400. Ilé tí ó wù wọ́n ní ìwúwo òfìfo 4,500 àti ìwúwo òpin 6,000. Ẹni tí ó ń tà á yóò wí pé kò sí ìṣòro, nítorí pé 4,500 kéré sí 7,500 púpọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kọ́ ni ó yẹ kí a bi í.

Baba jẹ́ 190, ìyá 150, àwọn ọmọ pẹ̀lú àga ààbò wọn 150, àpapọ̀ 490. Ẹrù tí ó wà nínú ọkọ̀ jẹ́ 150, ó di 640. Bí a bá fi ìwúwo òfìfo ṣírò àtẹ̀sídìí ní ìdá 12 nínú 100, yóò jẹ́ 540, àpapọ̀ yóò sì jẹ́ 1,180. Ó dà bí ẹni pé 220 ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ilé òfìfo kọ́ ni wọ́n ń gbé lọ. Ní ìwúwo òpin, àtẹ̀sídìí di 720, àpapọ̀ di 1,360. Bí a bá fi ìdè apínwúwo tí ó jẹ́ 80 kún un, ó di 1,440. Ọkọ̀ náà ti ru 40 kọjá òpin, nígbà tí agbára ìfà rẹ̀ ṣì ku 1,500.

Bí wọ́n bá yan ilé tí ìwúwo òpin rẹ̀ jẹ́ 5,000, àtẹ̀sídìí yóò jẹ́ 600, àpapọ̀ 1,320. 80 yóò sì ṣẹ́ kù. Àṣẹ́kù yìí kì í ṣe fàájì. Ọmọ tí ó jẹ́ pọ́n-ùn 35 lónìí yóò sanra sí i kí ilé náà tó gbó.

Nítorí náà, ìwé-pélébé ọkọ̀ ni ó yẹ kí ìdílé kọ́kọ́ kà, kí wọ́n tó lọ wo ilé rárá. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fẹ́ràn ilé yóò máa wá bí ìṣirò yóò ṣe bá ìfẹ́ rẹ̀ mu.

5.0 Ìdè, ìjùrù àti ìjánu

Ìdè ni ohun tí ó so ilé mọ́ ọkọ̀. Orí rẹ̀ rí róbótó, ó sì ní ìwọ̀n mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀: íńṣì 1⅞, 2, àti 2 5/16. Ihò tí a ṣe fún 2 5/16 lè bo orí oní-2 mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó ti wọlé dáadáa, kí ó sì fò yọ níbi gegele. Ìdè apínwúwo ń dá díẹ̀ nínú àtẹ̀sídìí padà sí táyà iwájú ọkọ̀ àti sí táyà ilé; kò sọ agbára ìgbẹ́rù di púpọ̀ ju ohun tí a kọ lọ.

Bí àtẹ̀sídìí bá pọ̀ jù, iwájú ọkọ̀ yóò fúyẹ́, kò sì ní gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu. Bí ó bá kéré jù, ìdí ilé yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ èyí ni ìjùrù, láti ara ju ìrù, bí ajá ti ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú ọ̀ràn yìí, ìrù lè ju ajá nù. Awakọ̀ tí ìjùrù bá bá kò gbọdọ̀ já ìjánu ọkọ̀ lójijì, kò sì gbọdọ̀ sáré láti fi tún un ṣe. Kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ iná, kí ó di ìdarí mú ṣinṣin, kí ó sì fi ọwọ́ tẹ ìjánu ilé nìkan díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àyálò bíréèkì ni gbogbo ènìyàn ń lò, ó sì tọ̀nà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìjánu ni ó rọrùn jù láti fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn: ìjánu àjábọ́ ni èyí tí ń dá ilé dúró fúnra rẹ̀ bí ó bá já kúrò lára ọkọ̀. Ìyára náà ní òfin: ní California, ọkọ̀ tí ó ń fa ohun mìíràn kò gbọdọ̀ kọjá máìlì 55 ní wákàtí kan.

6.0 Inú ilé àti àwọn ọmọdé

Ọmọ kò gbọdọ̀ wà nínú ilé nígbà tí a bá ń fà á. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kọ̀ ọ́. Níbi tí òfin kò tilẹ̀ ti sọ̀rọ̀, kò sí bẹ́líìtì lórí ibùsùn.

Àwọn ìdílé ọlọ́mọ púpọ̀ ń fẹ́ ibùsùn alájà, ní àfijọ ilé alájà. Kí wọ́n béèrè ìwúwo tí àjà òkè lè gbà, kí wọ́n sì wò bóyá ó ní ìgànnà tí kò ní jẹ́ kí ọmọ já bọ́ lójú oorun. Yàrá àtìjáde, tí a ń tì síta bí a bá gúnlẹ̀, ń fi àyè kún ilé, ó sì ń fi ìwúwo kún un. Kí olùrà ní kí wọ́n tì í wọlé, kí ó wá wò bóyá ọ̀nà ṣì wà dé ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi oúnjẹ. Ọmọ tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n ní ẹ̀bá ọ̀nà kò ní dúró de yàrá.

Omi mẹ́ta ni ó wà nínú ilé náà. Àwọ̀ eérú àti àwọ̀ dúdú ni Gẹ̀ẹ́sì fi pe méjì nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọ̀ kò sọ nǹkan kan fún òǹkàwé Yorùbá. Omi mímu, omi àlòkù (ti ìwẹ̀ àti àwo fífọ̀) àti omi ẹ̀gbin (ti ilé-ìgbọ̀nsẹ̀) ṣe kedere jù.

Gáàsì propane ni a fi ń dáná. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ni a ń fi ẹ̀rọ akéde rẹ̀ sí. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ̀rọ akéde nìkan ni ó lè ta ẹni tí ó ń sùn jí. Kí a dán gbogbo wọn wò, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń ṣí fèrèsé àsálà.

Ní ti ilé àlòkù, omi ni ọ̀tá rẹ̀. Kí a fi ọwọ́ tẹ igun ògiri àti abẹ́ fèrèsé, kí a sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ibi tí ó bá rọ̀ ti jẹrà. Ẹni tí kò bá dá ara rẹ̀ lójú, kí ó kọ́kọ́ háyà fún ọjọ́ díẹ̀.

7.0 Àkójọ ọ̀rọ̀

Ilé àfọkọ̀fà: ilé tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ ń fà.
Ọkọ̀ afalé: ọkọ̀ tí ó ń fà á.
Ìwúwo òfìfo: ìwúwo ilé láìsí ẹrù.
Ìwúwo òpin: iye tí ilé àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá.
Àyè ẹrù: ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì.
Ìwúwo àtẹ̀sídìí: èyí tí ń gba ọ̀pá-ìfà tẹ ìdí ọkọ̀.
Agbára ìfà: iye tí ọkọ̀ lè fà.
Agbára ìgbẹ́rù: iye tí ọkọ̀ lè gbé sí ara rẹ̀.
Ìdè apínwúwo: ìdè tí ń pín àtẹ̀sídìí káàkiri táyà.
Ìjùrù: fífì ìdí ilé sọ́tùn-ún sósì lórí ìrìn.
Ìjánu àjábọ́: ìjánu tí ń ṣiṣẹ́ bí ilé bá já.

8.0 Ìkádìí

Ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fi hàn ni pé ìtumọ̀ tààrà kì í sábà gbé ìmọ̀ dé ibi tí ó ń lọ. Gbígbẹ, ahọ́n, àwọ̀ eérú: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tọ́, síbẹ̀ kò sí èyí tí yóò ran baba tàbí ìyá lọ́wọ́ láti ṣe ìṣirò kan. Iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe ni ó yẹ kí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí olùkọ́ bá fẹ́ dán àwọn ọ̀rọ̀ yìí wò, kí ó gbé àpẹẹrẹ ìṣirò òkè yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ilé àfọkọ̀fà rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá lè sọ ìdí tí 4,500 fi kéré sí 7,500 tí ìdílé náà kò sì gbọdọ̀ gbéra, àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ṣe iṣẹ́ wọn.