Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Asbel Kiprop, wúrà olóògùn tó di tirẹ̀

Ipò kejì ni Asbel Kiprop, ọmọ Kẹ́ńyà, gbà nínú eré 1500 mítà ní ìdíje Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2008. Rashid Ramzi tó ń sáré fún Bahrain ló ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe, wọ́n bá CERA, oògùn tí òfin eré kà léèwọ̀, lára Ramzi, ni wúrà bá di ti Kiprop. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i: ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 2011, 2013 àti 2015.

Àfi bó ṣe di oṣù kọkànlá 2017. Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ní Iten, ní Kẹ́ńyà, wọ́n ní EPO, tí òfin kà léèwọ̀, wà níbẹ̀. EPO ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, kó má tètè rẹ asáré.

Kiprop ní irọ́ ni. Ó ní àwọn tó wá gbàyẹ̀wò gba owó lọ́wọ́ òun. AIU, àjọ tó ń gbógun ti oògùn nínú eré orí pápá, pàápàá gbà pé àwọn agbàyẹ̀wò ti ta á lólobó ṣáájú kí wọ́n tó dé, bẹ́ẹ̀ òfin ò gbà á. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ò tìtorí ìyẹn dá a láre o: ní 2019, wọ́n fòfin de é fún ọdún mẹ́rin.