Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Iṣẹ́ Ṣíṣe Sọ́fítíwíà: Àwọn Ọ̀nà Tuntun, Ìṣòro Inú Wọn, àti Ohun Tó Kan Àwa Ọmọ Ẹ̀ka Èdè

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà níṣẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Fóònù tí a fi ń kọ̀wé sí ara wa, ìwé atúmọ̀ orí kọ̀ǹpútà, fọ́ọ̀mù tí a ń kọ orúkọ wa sí, gbogbo wọn ni àwọn ènìyàn jókòó ṣe. Bí wọ́n bá ṣe kọ́ àwọn ènìyàn náà ni yóò sọ bóyá orúkọ wa yóò jáde tàmì-tohùn, tàbí yóò jáde bí àpótí kéékèèké òfìfo. Nítorí náà, nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti máa ń kù, àwọn ọ̀nà tuntun tí àwọn olùkọ́ ń lò, àti ìṣòro tó wà níbẹ̀. A ó fi èdè wa ṣe àpẹẹrẹ.

1. Kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Ohun tí wọ́n ń pè ní génie logiciel ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa kì í ṣe kíkọ kóòdù nìkan. Kíkọ kóòdù ni pé kí ènìyàn mọ èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, bíi Python, Java tàbí C, kí ó sì fi pàṣẹ fún un. Ṣíṣe sọ́fítíwíà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kan bíbéèrè ohun tí àwọn tí yóò lò ó ń fẹ́, pípín iṣẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, yíyẹ iṣẹ́ wò kí ó tó jáde, àti títún un ṣe fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tó bá ti jáde. Àwa ọmọ ẹ̀ka èdè mọ irú ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó mọ gírámà Yorùbá dunjú kò tíì di ẹni tó lè parí ìjà nínú ẹbí.

Orúkọ iṣẹ́ náà di gbajúmọ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 1968, nígbà tí àjọ NATO kó nǹkan bí 50 onímọ̀ jọ sí ìlú Garmisch ní Jámánì. Ohun tó kó wọn jọ ni pé àwọn sọ́fítíwíà ńláńlá ìgbà náà ń pẹ́ kí wọ́n tó parí, owó wọn ń ju èyí tí a ṣírò lọ, àṣìṣe sì kún inú wọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan orúkọ tó jọ ti iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe afárá, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé iṣẹ́ yìí náà gbọ́dọ̀ ní ìlànà.

Ní ọdún 1975, Frederick Brooks, tó ti darí ṣíṣe sọ́fítíwíà OS/360 ní ilé-iṣẹ́ IBM, gbé ìwé The Mythical Man-Month jáde. Ó ṣàlàyé pé bí iṣẹ́ sọ́fítíwíà bá ti pẹ́, tí a sì tún fi òṣìṣẹ́ kún un, ńṣe ni yóò túbọ̀ pẹ́. Àwọn tuntun gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n bá ara wọn sọ sì ń pọ̀ sí i. Bí ènìyàn 5 bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí a bá pín wọn ní méjì-méjì, ọ̀nà 10 ni ọ̀rọ̀ lè gbà láàárín wọn. Bí wọ́n bá di 10, ọ̀nà náà di 45. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni ọkàn iṣẹ́ náà.

2. Ibi tí ẹ̀kọ́ àtijọ́ ti kù

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, olùkọ́ ni yóò dúró níwájú, tí yóò ka ìpele iṣẹ́ sílẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: béèrè, ya àwòrán rẹ̀, kọ kóòdù, yẹ̀ ẹ́ wò, gbé e jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò dá iṣẹ́ kékeré kan ṣe, yóò gba máàkì, ó parí.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ télọ̀ wé e. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ télọ̀ ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń rí oníbàárà tó padà wá sọ pé apá aṣọ ń fún òun. Ó máa ń rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń tú ohun tí ẹlòmíràn rán. Ibẹ̀ ló ti ń mọ ìdí tí a fi ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó fi sísọ́ọ̀sì sí i. Ṣùgbọ́n aṣọ tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ́fítíwíà ń rán nínú kíláàsì, kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí máàkì bá jáde ni iṣẹ́ náà kú. Ohun tó ṣòro jù, èyíinì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ni kíláàsì kì í fi hàn.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kourou, ní Guyane ti ilẹ̀ Faransé. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi yà kúrò lọ́nà, tó sì fọ́ yángá. Apá kan nínú kóòdù rẹ̀ wá láti ara Ariane 4, níbi tó ti ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Kóòdù náà ń gbé nọ́ńbà kan sínú àyè tí kò lè gba ohun tó ju 32,767 lọ. Lórí Ariane 4, nọ́ńbà náà kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀. Lórí Ariane 5, tí ìrìn rẹ̀ yàtọ̀, ó kọjá ibẹ̀. Àwọn tó kọ kóòdù náà mọ kóòdù kọ. Ohun tó kù ni pé wọn kò fi ìrìn Ariane 5 yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbéra. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Níbí, ilé náà kì í ṣe ti itọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibòmíràn ni wọ́n ti wọn ìpìlẹ̀ rẹ̀.

3. Àwọn ọ̀nà tuntun

Ní oṣù kejì ọdún 2001, onímọ̀ 17 pàdé ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kúkúrú kan lórí èrò tí a mọ̀ sí Agile. Wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ máa jáde díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó ni ín máa rí i, kí àtúnṣe sì má ṣe di ogun. Ní 2004, ẹgbẹ́ ACM àti IEEE Computer Society gbé ìlànà ẹ̀kọ́ jáde fún àwọn yunifásítì, wọ́n sì tún un ṣe ní 2014. Iṣẹ́ àṣekágbá ńlá wà lára ohun tí ìlànà náà gbà nímọ̀ràn. Nínú àwọn ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ ń lò báyìí, mẹ́rin yìí ló yẹ ká mọ̀.

(a) Iṣẹ́ fún ẹni gidi. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá ẹni tó nílò nǹkan, bí ilé ìkàwé tàbí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wọn yóò fi ohun tí wọ́n ti ṣe hàn án. Ẹni náà yóò sọ pé, "Èyí kọ́ ni mo wí." Gbólóhùn yẹn ni ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kò lè fi ẹnu lásán kọ́ wọn.

(b) Ènìyàn méjì sí kọ̀ǹpútà kan. Ọ̀kan ń tẹ̀, èkejì ń wò, ó ń béèrè ìdí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọn yóò pààrọ̀ ààyè. Ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn yóò tètè mọ ibi tí kò yé òun fúnra rẹ̀.

(c) Àyẹ̀wò ṣáájú kóòdù. Kent Beck ló sọ ọ̀nà yìí di olókìkí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ kóòdù kan, yóò kọ́kọ́ kọ àyẹ̀wò tí kóòdù náà gbọ́dọ̀ yege. Bí àyẹ̀wò bá kùnà, iṣẹ́ kò tíì parí, bó ti wù kí ó rẹwà tó.

(d) Jíjogún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ní àárín ọdún, olùkọ́ yóò gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan, yóò sì gbé e fún ẹgbẹ́ mìíràn pé kí wọ́n máa bá a lọ. Git, tí Linus Torvalds ṣe ní 2005, mú kí èyí rọrùn, nítorí ó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àtúnṣe: ta ló ṣe é, nígbà wo, àti ìdí tó fi ṣe é.

Bí a bá wò ó dáadáa, ohun kan náà ni ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣe. Wọ́n ń mú ọ̀la wọ inú kíláàsì. Wọ́n ń mú ẹni tí yóò wọ aṣọ náà wá síwájú ẹni tó ń rán an.

4. Àpẹẹrẹ láti inú èdè wa

Ká ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ ṣe ìwé atúmọ̀ Yorùbá fún fóònù, tí wọ́n sì fẹ́ kọ àyẹ̀wò kí wọ́n tó kọ kóòdù. Ó kéré tán, àyẹ̀wò mẹ́rin ni àwa lè fún wọn.

Èkíní, kíka lẹ́tà. Lójú wa, lẹ́tà 3 ló wà nínú "ọjọ́". Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ àmì 4 tàbí 6. Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún "ọ", ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ọ́". A lè kọ ọ́ bí "ọ" tí àmì ohùn tẹ̀lé, tàbí bí "o" tí àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn tẹ̀lé. Ojú ènìyàn kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀nà kan wá ọ̀rọ̀ tí a fi ọ̀nà kejì kọ, kọ̀ǹpútà lè sọ fún un pé kò sí. Àtúnṣe rẹ̀ wà. Unicode ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní NFC, tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ pé ìṣòro wà ni kò ní wá a.

Èkejì, títò. Nínú àlífábẹ́ẹ̀tì wa, "ẹ" tẹ̀lé "e", "gb" sì tẹ̀lé "g". Bí kóòdù bá fi nọ́ńbà Unicode nìkan to ọ̀rọ̀, "ẹja" yóò lọ dúró lẹ́yìn "yàrá", "gbàgede" yóò sì ṣáájú "gèlè".

Ẹ̀kẹta, ohùn. Ọ̀pọ̀ kóòdù máa ń yọ àmì orí lẹ́tà kúrò kí wíwá ọ̀rọ̀ lè rọrùn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, igba tó jẹ́ 200, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí a ń kà, àti igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ di ọ̀kan. Ó dára kí ẹni tí kò rí àmì tẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ lè wá ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kí ó jáde fún un, kí ó yan èyí tó fẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà ìkọ̀wé méjì. Bí a ṣe ń kọ ojú ìwé yìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àlífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bénin, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1975, ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp. "Aṣọ" ibẹ̀ ni "ashɔ", "ọ̀pẹ" ni "ɔ̀kpɛ". Ọmọ Àjàṣẹ́ tó kọ́ ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ pàdánù ọ̀rọ̀ tí a kọ ní èkejì.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ènìyàn lè rí nínú gírámà Python. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ èdè náà ni wọ́n wà.

5. Àwọn ìṣòro

Ọ̀nà tuntun kò rọrùn. Ti máàkì ni àkọ́kọ́. Bí ènìyàn márùn-ún bá ṣe iṣẹ́ kan, báwo ni olùkọ́ yóò ṣe mọ ẹni tó sùn? Ìtàn inú Git ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iye ìlà kóòdù kì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye. Ẹni tó yọ ìlà 100 tí kò wúlò lè ti ṣe ju ẹni tó kọ 300 lọ. Èkejì ni àkókò àti irinṣẹ́. Olùkọ́ kan tó ní kíláàsì ńlá kò lè jókòó ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti pé níbi tí iná ti ń lọ tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ́n, ètò ọ̀sẹ̀ méjì-méjì máa ń dàrú. Ẹ̀kẹta ni ti èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ inú ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, Faransé ni a fi ń kọ́ wa, èdè ilé wa sì ni àwọn tí yóò lo iṣẹ́ náà ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ń túmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Ẹ̀kẹrin ló dé kẹ́yìn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, akẹ́kọ̀ọ́ lè ní kí ẹ̀rọ kọ kóòdù fún òun. Iṣẹ́ ilé tí olùkọ́ fi ń dán ènìyàn wò tẹ́lẹ̀ kò tún fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí ẹni náà mọ̀. Àwọn olùkọ́ kan ń padà sí ìdánwò orí ìwé, àwọn mìíràn ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu ṣàlàyé kóòdù tó mú wá. Lójú tiwa, ìṣòro yìí túbọ̀ fi hàn pé àyẹ̀wò ni ẹ̀kọ́ náà. Bí ẹ̀rọ bá kọ kóòdù tó yọ gbogbo àmì ohùn kúrò, tí ẹnikẹ́ni kò sì mú igbá àti ìgbà wá dán an wò, kóòdù náà yóò jáde, yóò sì dà bí ẹni pé ó dára.

6. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

A kò sọ pé kí gbogbo wa di oníkọ̀ǹpútà. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nílò ẹni gidi tí wọn yóò ṣiṣẹ́ fún, àwa sì ni ẹni náà. A lè jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń béèrè. A lè kó àwọn ọ̀rọ̀ tó lè tú àṣìṣe síta jọ, kí a to wọ́n sí ìlà: ohun tí ènìyàn tẹ̀ lápá kan, ohun tó yẹ kó jáde lápá kejì. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò ju ìwé àpẹẹrẹ tí a máa ń ṣe fún ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì lọ, ẹgbẹ́ tó bá sì gbà á lè lò ó lọ́dọọdún. Bí a kò bá ṣe é, àwọn tí kò gbọ́ èdè wa ni yóò pinnu bí a ó ṣe máa kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ wa kò ju báyìí lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ kan láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ tàbí Atakpamé tí fóònù rẹ̀ kì í kọ dáadáa, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú un wá fún wa. Ibẹ̀ ni ìwé náà yóò ti bẹ̀rẹ̀.