'Ìkìlọ̀' àti 'Ẹkùn-Àkókò' nínú Èdè PHP

Bí a bá fi PHP, èdè tí a fi ń kọ ìtọ́ni fún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, bèèrè ọjọ́ òní lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹkùn-àkókò tí a wà kí ó tó dáhùn. Láti 2009 tí PHP 5.3 jáde títí di 2015, bí a kò bá sọ ọ́ fún un, yóò dáhùn, ṣùgbọ́n yóò fi ìkìlọ̀ kan kún ìdáhùn rẹ̀.

N kò fara mọ́ pípe èyí ní 'àṣìṣe'. Àṣìṣe ń tọ́ka sí ohun tí a ti ṣe tí kò tọ́. Ìkìlọ̀ ń tọ́ka sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ di ohun tí a ń ṣiyèméjì sí.

Mo yan 'ẹkùn' dípò 'agbègbè' nítorí pé ìjọba ni ó ń pa ààlà ẹkùn. Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside wà nínú ẹkùn ìdìbò kan náà sí ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Bákan náà ni ìjọba fi gbogbo Nàìjíríà sínú ẹkùn-àkókò kan láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1919: wákàtí kan ni a fi ṣíwájú UTC, àkókò àjùmọ̀lò àgbáyé. Lónìí, Yorùbá tí ó wà ní Benin ń lo aago kan náà pẹ̀lú wa. Èyí tí ó wà ní Togo fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa.

Africa/Lagos ni orúkọ ẹkùn wa. Bí ará Àgọ́-Ìwòyè bá kọ Africa/Ago-Iwoye sínú fáìlì php.ini, tàbí Africa/Abuja pàápàá, ìkìlọ̀ mìíràn ni yóò rí, PHP yóò sì mú UTC. Èyí ni kí ó kọ:

date.timezone = "Africa/Lagos"

Ẹni tí kò ní àṣẹ lórí fáìlì náà lè fi èyí ṣáájú ìtọ́ni tirẹ̀:

date_default_timezone_set('Africa/Lagos');

Láti PHP 7.0, tí ó jáde ní 2015, a ti yọ ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ náà kúrò. Bí a kò bá yan ẹkùn, PHP yóò mú UTC láìsọ nǹkan kan. Ká ní ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá ní yunifásítì kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní agogo méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ náà (òru ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe é). Ọjọ́ kọkànlá ni kọ̀ǹpútà yóò kọ. A óò dá fọ́ọ̀mù náà padà, kò sì sí ìkìlọ̀ tí yóò sọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní 'ìkìlọ̀' tún kọ́ni ní bí a ti í bèèrè ẹkùn tí kọ̀ǹpútà ń lò:

echo date_default_timezone_get();

Bí ó bá dáhùn pé UTC, a kò tíì yan ẹkùn wa fún un.