Ẹmu wo ló bá iyán mu? Ti ọ̀sán ni, kì í ṣe ti àárọ̀

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo dé Àrámọ̀kọ, mo ní kí bàbá ẹlẹ́mu kan bu ẹmu tó dùn dáadáa fún mi. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ẹmu ni mo fẹ́ àbí omi ṣúgà. Ojú tì mí, àmọ́ mo kọ́gbọ́n.

Ẹ wò ó, iyán Èkìtì ò fúyẹ́. Ẹ wá gbé ẹ̀gúsí tó lépo dáadáa àti ẹran ìgbẹ́ tì í. Kẹ́ ẹ tó jẹ òkèlè mélòó kan, ọ̀rá ti bo ahọ́n. Tẹ́ ẹ bá wá mu mínírà lé e, adùn lórí ọ̀rá ni, ikùn á kàn wú ni. Ohun tó kan díẹ̀, tó sì ń hó, ló ń fọ ọ̀rá kúrò lẹ́nu. Ohun táwọn ará Alsace nílẹ̀ Faransé náà ń ṣe nìyẹn: Riesling, wáìnì funfun tó kan díẹ̀, ni wọ́n ń mu sí choucroute, kábéèjì kíkan tí wọ́n ń sè pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá.

Àwa náà ní tiwa, àmọ́ ẹ ṣọ́ aago. Ṣúgà pọ̀ nínú omi ọ̀pẹ. Kí adẹ́mu tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni ìwúkàrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà yẹn, tó ń sọ ọ́ di ọtí àti ìfóòfó. Láàárọ̀, ó ṣì dùn. Tó bá dọ̀sán, adùn ti dín kù, ó ti ń kan díẹ̀díẹ̀. Àkókò iyán gan-an nìyẹn! Tó bá fi máa dọjọ́ kejì, ó ti kan kọjá ohun tèèyàn ń mu sóúnjẹ.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé: ẹmu tó bá ṣì ń dùn bí oyin nírọ̀lẹ́, ẹ fura sí i. Àwa tá à ń wá adùn nígbà tí kò yẹ kó sí mọ́ là ń kọ́ àwọn kan láti da omi àti ṣúgà sẹ́mu. Ẹlẹ́mu tó ń ta ojúlówó á wá dà bí ẹni tọ́jà ẹ̀ ò dáa.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n dá a. Ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì pinpin, torí ó lè bẹ́. Àti pé ọtí lọtí ń jẹ́: ẹni tó máa wakọ̀ gba òkè Ẹ̀fọ̀n, omi ni kó mu síyán tiẹ̀.