Òwú tó wà nínú ara: iṣẹ́ Roger Kornberg

Aránṣọ kì í rún òwú rẹ̀ jọ sínú àpótí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òwú á lọ́ pọ̀, á di kókó, kò sì ní rí orí rẹ̀ fà mọ́. Igi kékeré ni ó máa ń wé e mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, òwú gígùn á gba inú àpótí kékeré, á sì rọrùn láti tú.

Ara ènìyàn náà ní òwú tirẹ̀. Ara kún fún àwọn ohun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ wọn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni òwú tín-ín-rín kan wà tí ń jẹ́ DNA. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń gbà á. Òun ló ń sọ bí ara yóò ṣe rí àti bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà 46 ni òwú yìí pín sí nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Bí a bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò gùn tó mítà 2. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ń gbé kò fẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Báwo ni òwú gígùn bẹ́ẹ̀ ṣe wọ ibẹ̀? Roger Kornberg ló rí ìdáhùn.

Ọdún 1947 ni wọ́n bí Kornberg ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1959, bàbá rẹ̀, Arthur Kornberg, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà DNA. Ọmọ ọdún 12 ni Roger nígbà tí ó tẹ̀ lé e lọ sí ìlú Stockholm, níbi tí wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn náà.

Nígbà tí Roger dàgbà, ó lọ ṣe ìwádìí ní ìlú Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ nígbà náà pé DNA kì í dá wà. Àwọn ohun kan tí ń jẹ́ hístóònì máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé hístóònì ló bo DNA, bí èèpo ṣe ń bo igi. Kornberg rí i pé hístóònì máa ń so mọ́ra wọn, wọ́n á di ohun róbótó tí kò ní ihò. Ó ronú pé: bí kò bá sí ihò, òwú kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òwú gbọ́dọ̀ wé mọ́.

Ní ọdún 1974, ó kọ ọ́ jáde pé hístóònì 8 ló ń para pọ̀, tí DNA ń wé mọ́ wọn. Òwú kan náà á tún lọ wé mọ́ 8 mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ, bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Nucleosome ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ mìíràn ní ìlú Zurich gbé àwòrán rẹ̀ jáde kedere. Ó bá ọ̀rọ̀ Kornberg mu.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Òwú tí a wé kò ṣe é kà bí a kò bá tú u. Sẹ́ẹ̀lì ojú àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní òwú kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí ojú ń kà yàtọ̀ sí ibi tí ẹ̀dọ̀ ń kà. Báwo ni kíkà náà ṣe ń lọ?

Kornberg padà sí Amẹ́ríkà, ó sì ń ṣe ìwádìí yìí ní yunifásítì Stanford. Ìwúkàrà tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń pò mọ́ ìyẹ̀fun ni ó lò, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń wé òwú, ó sì ń kà á, bíi ti ènìyàn. RNA polymerase ni orúkọ ohun tí ń ka òwú náà. Ó ń rìn lórí DNA, ó sì ń ṣe ẹ̀dà ohun tí ó bá kà. Iṣẹ́ náà ju ogún ọdún lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọdún 2001, Kornberg àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi àwòrán rẹ̀ hàn níbi tí ó ti ń kàwé lọ́wọ́.

Ẹ̀mí ènìyàn wà lórí kíkà yìí. Olú olóró kan ń hù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́, oró rẹ̀ á di RNA polymerase lọ́wọ́. Ẹ̀dọ̀ kò ní lè ka òwú rẹ̀ mọ́, ẹni náà sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá sì ń ka ibi tí kò yẹ, ó lè máa pọ̀ sí i láìdúró, kí ó di àrùn jẹjẹrẹ.

Ní ọdún 2006, Roger Kornberg tún wọ ìlú Stockholm. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel.

Ìbéèrè
1. Kí ni DNA ń wé mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì?
2. Kí ló jẹ́ kí Kornberg mọ̀ pé òwú kò gba inú hístóònì kọjá?
3. Kí ló dé tí ó fi lo ìwúkàrà?
4. Báwo ni olú olóró yẹn ṣe ń pa ènìyàn?