Àtẹ Ìràwọ̀ àti Ìgbàlà Inú Òkun: Ohun tí Ojú Ọ̀run Lè Sọ àti Ohun tí Ó Kù fún Orí

   

Ìbéèrè kan ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń mú àtẹ ìràwọ̀ tí wọ́n rí lórí fóònù wá bá àwa babaláwo, wọ́n sì ń béèrè bóyá ó bá Ifá mu. A kì í fi èébú dá ẹni tó ń béèrè lóhùn. Ohun tó tọ́ ni kí a mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, kí a kà á lójú àwọn awòràwọ̀, kí a sì tún wò ó lójú Ifá.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífa ọkọ̀ ńlá, dojú dé lórí òkun, ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí etíkun Escravos ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Ó rì dé ìsàlẹ̀ omi tí jíjìn rẹ̀ tó 30 mítà. Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ náà, wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ yí dànù. Omi gbé e kiri títí ó fi bá ara rẹ̀ ní yàrá kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí. Nínú òkùnkùn àti òtútù yẹn ni ó wà fún nǹkan bí 60 wákàtí, tó ń gbàdúrà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 28, àwọn òmùwẹ̀ wọ inú ọkọ̀ náà láti gbé òkú. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi, ó ṣe bí ọwọ́ òkú ni. Bí ó ti fọwọ́ kàn án, ọwọ́ náà di tirẹ̀ mú. Wọ́n fi omi gbígbóná mú ara Okene yá, wọ́n dé akoto ìmísí sí i lórí, wọ́n sì gbé e jáde. Ó tún lò ju ọjọ́ méjì lọ nínú yàrá tí a ti ń dẹ ìfúnpá afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ara rẹ̀ tó lè gba afẹ́fẹ́ òkè. Òun nìkan ni ó yè. Ènìyàn 11 bá omi lọ.

Irú àtẹ wo ni èyí?

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn awòràwọ̀ ń gbà pín ojú ọ̀run sí ilé 12. Àwọn ará Yúróòpù ń bẹ̀rẹ̀ ìkà wọn láti ibi tí oòrùn wà nígbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba nínú oṣù Kẹta. Àwọn ará Íńdíà ní tiwọn ń wọn ojú ọ̀run láti ara àwọn ìràwọ̀ gan-an. Èyí ni wọ́n ń pè ní sidereal. Wọ́n tún pín ọ̀nà òṣùpá sí ibùdó 27.

Ìdí tí ọ̀nà méjèèjì kò fi dọ́gba ni pé ayé ń mì bí òkòtó tí ọmọdé ta. Ìmì náà lọ́ra púpọ̀: ó ń gba nǹkan bí 26,000 ọdún kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ní ọdún 72 kọ̀ọ̀kan, ìṣirò méjèèjì ń fi ìwọ̀n dígírì kan jìnnà síra. Lónìí, àlàfo àárín wọn ti tó dígírì 24, èyí tó sún mọ́ ìwọ̀n odidi ilé kan.

Bí awòràwọ̀ yóò ṣe kà á

Ní ìdájí ọjọ́ tí ọkọ̀ rì, òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá àrànmọ́jú ní ọjọ́ kan ni. Nínú àtẹ Íńdíà, ilé Àkekèé ni òṣùpá wà. Ilé omi ni wọ́n ń pe ilé yìí, ibẹ̀ sì ni wọ́n gbà pé agbára òṣùpá ti ń rẹlẹ̀ jù. Saturn, tí wọ́n kà sí olùfa ìdádúró àti ìhámọ́, wà ní ilé Òṣùwọ̀n pẹ̀lú Rahu, oríta tí ipa òṣùpá ti ń dá ipa oòrùn kọjá. Awòràwọ̀ yóò ní, "Ẹ wo omi, ẹ wo ìhámọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn kan náà, ẹni tó bá wo ìwọ̀ oòrùn yóò rí Àgùàlà, Jupiter àti Mercury tí wọ́n sún mọ́ra. Ní ọjọ́ 28, ọjọ́ ìgbàlà gan-an, ni Àgùàlà àti Jupiter pàdé. Àwọn méjèèjì ni awòràwọ̀ ń pè ní olóore. Yóò ní, "Ẹ wo ìtúsílẹ̀."

Àlàyé náà dùn létí, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré ìmọ̀ ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá lo àtẹ Yúróòpù, òṣùpá ìdájí yẹn kan náà kò sí ní ilé omi mọ́; ilé iná ni ó wà. Òṣùpá kan ṣoṣo ni, orúkọ méjì ni ó ń jẹ́.

Ohun tó tún wúwo ju ìyẹn ni pé ojú ọ̀run kan náà ni ó bo àwọn 12 inú ọkọ̀ náà. Ó bo gbogbo apẹja tó wà lórí òkun yẹn ní ìdájí náà tí wọ́n sì padà sílé ní àlàáfíà. Àtẹ ìṣẹ̀lẹ̀ kò lè ya ẹnì kan sọ́tọ̀ nínú 12. Awòràwọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà bẹ́ẹ̀, yóò sì béèrè wákàtí ìbí olúkúlùkù, nítorí pé ilé tó ń yọ ní ìlà oòrùn ń yí padà ní nǹkan bí wákàtí méjì méjì. Ní abúlé oko wa níhìn-ín, mélòó nínú àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni a kọ wákàtí ìbí rẹ̀ sílẹ̀? Ìgbà ìkórè kòkó ni ìyá ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ka ọjọ́ orí wa.

Àwọn àgbà ní, Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá òṣùpá ni. Ohun méjì lè jọ rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó ń fa ìkejì.

Ọ̀nà ti Ifá

Ifá kì í béèrè wákàtí. Nígbà tí a bá ń ṣe ìkọsẹ̀dáyé, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó wà níwájú ọpọ́n. Orí rẹ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀. Nínú Ògúndá Méjì ni a ti kọ́ nípa Afùwàpẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ dífá, ó rúbọ, ó sì yan orí rere. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìpín wà, ṣùgbọ́n ẹbọ wà, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹni náà sì wà. Okene fúnra rẹ̀ padà lọ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀, ó sì padà sínú omi tó fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Èyí kò sí lórí àtẹ kankan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbé e lọ.

Níbí ni kí ẹ̀yin ọmọ awo ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí fídíò ìgbàlà náà jáde ní ìparí ọdún 2013, a gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń wí pé ìràwọ̀ Okene le. Àwọn mìíràn, tí wọ́n pe ara wọn ní awo, ń wí pé orí rẹ̀ ni ó dára. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ láìdífá ti sọ òmíràn mọ́ ọn: pé ti àwọn 11 yòókù kò dára. Wọ́n ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ, wọ́n ní ìyá. Ta ni ó dá Ifá fún wọn? Ohun tí a kò bi Ifá, a kò gbọdọ̀ fi Ifá dáhùn.

Bí ẹni tó yọ nínú ewu bá wá bá wa, a ó dá Ifá fún un, a ó bá a bọ orí rẹ̀, a ó bá a dúpẹ́, a ó sì béèrè ohun tó yẹ kí ó fi ọjọ́ tó kù ṣe. Bí àwọn tó pàdánù ènìyàn wọn bá wá, a ó bá wọn dárò, a ó sì béèrè ohun tí yóò dáàbò bo àwọn tó kù nílé. Iṣẹ́ awo nìyí. Kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣirò ìràwọ̀ kọ́ ọ, nítorí ọgbọ́n kò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí ó má fi ìràwọ̀ tàbí Odù dá òkú lẹ́bi.

Kí orí wa má ṣe fi wá sílẹ̀ lójú omi àti lórí ilẹ̀. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.